Yúríà, NPK tàbí ìgbẹ́ adìyẹ: èwo ló máa mérè wá lórí àgbàdo yín?

Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò ajílẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀: ó ń sọ iye kílò oúnjẹ irúgbìn tó wà nínú kílò 100. Yúríà oníkílò 50 ní náítírójìn, ọ̀kan lára oúnjẹ irúgbìn, kílò 23 nínú. NPK 15-15-15 oníkílò 50 ní 7.5 péré, ṣùgbọ́n ó tún ní fọ́sífétì 7.5 àti pọ́táàṣì 7.5. Bó bá jẹ́ náítírójìn nìkan lẹ̀ ń wá, àpò NPK mẹ́ta ni yóò ṣe iṣẹ́ yúríà kan. Ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ ńkọ́? Tọ́ọ̀nù kan sábà máa ń ní bíi kílò 20 sí 30, ìyẹn bí àpò yúríà kan, nítorí náà owó ọkọ̀ ló ń pinnu tirẹ̀.

Ẹ wo ewé. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń di àwọ̀ ìyeyè láti ṣóńṣó wá sí àárín, náítírójìn ló ń wá: yúríà. Bí ewé àgbàdo kékeré bá ń ní àwọ̀ àlùkò létí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tó wà nínú fọ́sífétì, ló ń wá, yúríà kò sì ní wò ó sàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìṣirò. Ẹ fi kílò àgbàdo ṣe é, ní iye tí ẹ máa tà á nígbà ìkórè, kì í ṣe iye tó ń lọ báyìí. Ká ní owó àpò yúríà kan ra àgbàdo kílò 120. Lórí ilẹ̀ tó dáa, tí kílò náítírójìn kan bá fi àgbàdo kílò 15 kún ìkórè, àpò náà mú àgbàdo kílò 345 wá. Lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, tí kílò kan mú 6 péré wá, 138 ni. Bẹ́ ẹ bá yọ owó àwọn tó bu ajílẹ̀ náà, gbèsè ló kù. Bí ohun tó máa wọlé kò bá tó ìlọ́po méjì owó ajílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, torí ọ̀dá kékeré kan lè kó èrè náà lọ. Irú ilẹ̀ tó ti ṣá bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ, kó ti jẹrà dáadáa, torí tútù rẹ̀ ń jó irúgbìn. Àpò yúríà kẹta kì í sì mú àgbàdo tó ti àkọ́kọ́ wá.

Yúríà tí wọ́n fọ́n sórí ilẹ̀ tí òjò ò rọ̀ sí ń fò lọ; òórùn tó ń ta yín nímú yẹn, owó yín ni. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo, ẹ bu yúríà sí i, ẹ bò ó.

Lọ́jà, ẹ da ṣíbí yúríà kan sínú ife omi. Ojúlówó á yọ́ tán, ife náà á sì tutù lọ́wọ́ yín. Bí iyanrìn bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀, ẹ dá àpò náà padà.