Tósítà orí gáàsì tí mo fi ń ṣe búrẹ́dì oníwàrà n'Ílọrin

Ààwẹ̀ ló jẹ́ kí n ra tósítà yìí. Oníná mànàmáná ni mo ní tẹ́lẹ̀, àmọ́ ní Tánkè níbi tí à ń gbé, iná kì í dúró ní aago 4 ìdájí tí mo máa ń dìde se sààrì. Jẹnẹrétọ̀ wa kékeré ò sì lè gbé e. Lọ́jọ́ tí búrẹ́dì mi wà nínú rẹ̀ láìjinná títí wọ́n fi pe ìrun, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo gba Ọjà Tuntun lọ, mo ná èyí tí wọ́n ń gbé ka iná láti ₦11,000 wá sí ₦9,000. Páànù pẹlẹbẹ méjì ni, wọ́n so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ní ọwọ́ gígùn, ìkọ́ kan ló sì ń há wọn mọ́ra.

Etí rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Tí o bá ti pa á dé, yóò tẹ etí búrẹ́dì méjèèjì mọ́ra títí wọn óò fi lẹ̀ pinpin. Ilé iṣẹ́ Breville ní Ọsirélíà gbé oníná tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 1974, ṣùgbọ́n ti orí iná ti wà ṣáájú ìyẹn. Tẹ́lẹ̀, tí àkọ́bí mi bá gbé búrẹ́dì àti sádíìnì lọ sílé ìwé, òróró á ti ta sára ìwé rẹ̀ kó tó jẹun. Ìyẹn ti tán pátápátá.

Wàrà gan-an ló mú mi kọ èyí. Wàrà wa kì í yọ́ bíi ti òkè òkun. Omi ewé bomubomu ni àwọn ìyá Fúlàní fi ń mú un dì lórí iná, bó o dín in títí, ṣe ló ń pọ́n. Mo rò pé àbùkù ni, àṣé òun gan-an ló dáa, torí bí etí búrẹ́dì bá tilẹ̀ ya díẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣàn jáde. Àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú omi rẹ̀ ni mo ti mú un, mo gé e, mo tò ó. Ìgbà tí mo ṣí páànù, ìsàlẹ̀ búrẹ́dì ti rin gbindin, ọ̀bẹ ni mo fi họ ọ́ kúrò. Mo sọ fún màmá tó ń ta wàrà fún mi ní Ọjà Ìpata. Ó ní, "Ọmọ mi, o ò fún omi rẹ̀ kúrò ni?"

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń dì í sínú aṣọ funfun, mo máa ń gbé ọmọ ọlọ lé e fún bíi wákàtí kan, kí n tó dín in. Mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi ata rodo àti àlùbọ́sà tí mo dín gbẹ sí i. Ẹ̀yìn búrẹ́dì ni mo ń fi bọ́tà pa, kì í ṣe inú. Iná kékeré, ìṣẹ́jú 2, mo yí i, ìṣẹ́jú 2 mìíràn. Ìta ń ró kárakára, inú rọ̀, wàrà á máa le díẹ̀ lábẹ́ eyín bí ẹran. Ẹ̀wà àná náà dáa nínú rẹ̀. Ẹyin tútù ò dáa, ó ń jò.

Búrẹ́dì tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ lò. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi gé nípọn, ìkọ́ ò lè há a. Búrẹ́dì tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń jóná kí inú tó gbóná.

Ó ní àléébù o. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ló ń ṣe, àwa mẹ́fà la wà nílé, ìdajì wákàtí ni. Lóṣù kẹta tí mo rà á, nọ́ọ̀tì ọwọ́ rẹ̀ tú. Ẹni tó tà á sọ pé ọjà tí a bá ti lò kì í padà, èmi ni mo wá òmíràn fi sí i. Mo gbé e ka èédú nígbà kan, rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ yọ́. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀bi tèmi.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ọ̀fà ti ní kí n bá òun ra ọ̀kan. N óò rà á, ṣùgbọ́n n óò kọ́kọ́ pa á dé, n óò gbé e sókè sí oòrùn lójú ẹni tó ń tà á, torí èyí tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò lọ́jà lọ́jọ́sí, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín etí rẹ̀ kọjá.