Ọkọ̀ ẹja ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 19 ti Ẹ̀pẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́ mìíràn: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó rà á

Ọkọ̀ fáíbà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 19 tí àwọn apẹja máa ń gbé wá sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ń ṣe é. Oníṣẹ́ kan láti Ìkòròdú ló ra mọ́ọ̀dù, ló tún ra orúkọ, ó sì ti ń ta èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Tẹ́ ẹ bá wò ó lójú omi, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ ló yàtọ̀: ó sunwọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ níbì kan, kò sì tó o níbòmíràn.

Mọ́ọ̀dù ló ń fún ọkọ̀ ní ìrísí, kì í fún un lágbára. Iye mátì (fọ́nrán fáíbà tó rí bí ẹní) tí wọ́n tẹ́, bí résìn (oje olómi tó ń gan) ṣe mu mátì náà tó, àti igi tó wà nínú pátákó ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, ni agbára ọkọ̀ fáíbà wà. Ẹni tó ra mọ́ọ̀dù kò tíì ra ìwọ̀nyẹn.

Fóòmù abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni oníṣẹ́ tuntun yìí ti gbégbá orókè. Tẹ́lẹ̀, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ni wọ́n ń kì síbẹ̀. Epo bẹntiróòlù máa ń yọ́ irú rẹ̀, tí táǹkì bá sì ti ń jò díẹ̀díẹ̀, fóòmù á ti tán lábẹ́ ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ni olómi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, tó ń wú, tó sì ń gan sínú àpótí. Epo kì í tètè mú un. Kí fóòmù pọ̀ tó ṣe pàtàkì: èyí tó kún àpótí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, lóòró àti ní gíga máa gbé nǹkan bíi kílò 27 léfòó. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 (ìyẹn, agbára ẹṣin 40) nìkan lé ní kílò 70, nítorí náà irú àpótí mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà ní ìdí ọkọ̀ fún ẹ́ńjìnnì náà nìkan, ká má tíì sọ ti èèyàn àti ẹja. Ọkọ̀ tuntun yìí ní tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló fẹ́lẹ́. Mátì 450 ìpele mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Gíráàmù tó wà nínú mátì tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóòró ni 450 yẹn, ìpele kan tó bá sì mu résìn dáadáa máa ń nípọn tó mílímítà kan. Ẹ fi orúnkún ti àárín ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ máa rí i tó ń tẹ̀ wọlé. Ìsàlẹ̀ kò ní ìṣòro yìí, nítorí wọ́n fi aṣọ fáíbà tí wọ́n hun sáàárín mátì níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìpele kan kún ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó yọ ọkọ̀ kúrò nínú mọ́ọ̀dù. Nǹkan bíi kílò résìn kan ló máa lọ sí mítà kan níbùú àti lóòró, owó rẹ̀ kò sì ju ohun tí apẹja lè san.

Ẹ tún béèrè bí wọ́n ṣe ń po résìn. Mílílítà catalyst, ìyẹn omi tó ń mú kí résìn gan, 10 sí 20 ló ń lọ sí kílò résìn kan. Nínú oòrùn tiwa, 10 ti tó. Ẹni tó bá ń kánjú tó sì da púpọ̀ sí i, résìn rẹ̀ á gbóná, á gan kó tó mu mátì tán, ibẹ̀ á sì máa là lẹ́yìn náà. Tí wọ́n bá sì ṣe é nínú ọ̀rinrin òjò, ó lè má gan tán. Ẹ fi àkísà tẹ́ ẹ rẹ sínú acetone (omi tí wọ́n fi ń fọ résìn) nu inú ọkọ̀: tó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kò tíì gan, ẹ má gbé e sómi.

Pátákó ìdí ọkọ̀ ló ń bani nínú jẹ́ jù. Pílíwúùdù ínǹṣì kan ààbọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì nípọn tó, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ń kan àpótí ilé ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún omi, wọn kò sì dí ojú ihò bóòlìtì ẹ́ńjìnnì. Omi á gba ihò wọlé, igi á jẹrà láti inú, igun pátákó á là, ẹ́ńjìnnì á sì máa mì lórí rẹ̀ títí táá fi já. Ẹ fi ìdí sùkùdíráfà kàn án káàkiri: ibi tó bá dún ketekete ṣì dáa, ibi tó bá dún bòkòbòkò ti jẹrà.

Tí pátákó bá ṣì dáa, ẹ lu ihò bóòlìtì mílímítà 10 di 16, ẹ fi epoxy (gúlú olómi méjì tó ń gan) tí wọ́n fi ìyẹ̀fun fáíbà mú ki dí i pa. Tó bá gan tán, ẹ lu ihò 10 láàárín rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi Sikaflex, gúlú tó ń dí ojú ihò mọ́ omi, sí ẹsẹ̀ bóòlìtì, kì í ṣe sílíkóònù lásán. Igi kò ní fojú kan omi mọ́.

Oníṣẹ́ yìí tún gbé pátákó sókè láti ínǹṣì 15 sí 20, kó lè gba ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ó ṣe dáadáa. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kò gbọ́dọ̀ gbé e kọ́ síbẹ̀, nítorí atẹ́gùn ni púròpélà á máa fà. Ẹ́ńjìnnì á pariwo, ọkọ̀ kò ní lọ. Irin pẹrẹsẹ tó wà lókè púròpélà gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba. Níbi tí koríko ojú omi bá sì pọ̀ sí, ẹ máa wo omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, tó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa á kíá.

Ọkọ̀ lè pààrọ̀ olówó kó má bàjẹ́. Boston Whaler ti Amẹ́ríkà, tí Dick Fisher gbé jáde ní 1958, ti gba ọwọ́ oríṣiríṣi kọjá: Reebok tó ń ṣe bàtà rà á ní 1989, Brunswick rà á ní 1996. Síbẹ̀ wọn kò fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà da fóòmù sáàárín awọ ọkọ̀ méjèèjì sílẹ̀, ohun náà gan-an tí kò jẹ́ kó rì nígbà tí Fisher fi ayùn gé e sí méjì lójú omi, tí ìwé ìròyìn Life sì gbé àwòrán rẹ̀ jáde ní 1961. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí oníṣẹ́ Ìkòròdú kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ta orúkọ fún un, pàápàá lórí pátákó ìdí ọkọ̀.

Fún ẹni tó ń na àwọ̀n ní Ọ̀sà Lẹ́kí tàbí tó ń lọ sí Ejìnrìn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 15, ọkọ̀ yìí tó rà. Fún ẹni tó fẹ́ gbé e sójú òkun ní Àgbádárìgì pẹ̀lú 40, kò tíì tó, àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ igi ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì fi kún ẹ̀gbẹ́. Ẹ má san owó tán ṣáájú. Ẹ san ìdajì, ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n máa fi igi sí ìdí ọkọ̀, kẹ́ ẹ tún lọ kí wọ́n tó bo ilẹ̀ rẹ̀, torí tí wọ́n bá ti bò ó, kò sẹ́ni tó lè rí fóòmù mọ́.