Tandem, static line àbí AFF: ibo ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ́ párásúùtì náwó sí?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ láti inú bàálù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó ṣáà lè sọ pé òun ti ṣe é rí, kó ra tandem, ìyẹn bíbẹ́ tí wọ́n ti máa so ó mọ́ ara olùkọ́, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú ìyókù. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n débi tí yóò fi máa dá bẹ́, AFF (Accelerated Freefall, ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ti ń já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́) la máa ní kó lọ bá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló sábà ń gbówó lórí jù. Static line, níbi tí okùn tí wọ́n so mọ́ bàálù ti ń ṣí párásúùtì, náà ò burú, àwọn kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló bá wọn mu. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni pé bàálù ńlá àti fídíò aláràbarà ni wọ́n fi ń yan ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ níbí ni iṣẹ́ gidi wà.

Ká ti orí tandem bẹ̀rẹ̀. Ìkọ́ mẹ́rin, méjì ní èjìká, méjì ní ìbàdí, ni wọ́n fi ń so oníbàárà mọ́ iwájú olùkọ́. Bàálù á gbé wọn dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000 sí 14,000. Bí wọ́n bá ti jáde, olùkọ́ á ju párásúùtì kékeré kan sẹ́yìn, torí ìwúwo ẹni méjì á mú kí wọ́n já bọ́ kíákíá jù. Òun ló ń mú kí eré wọn mọ sí nǹkan bíi 190 kìlómítà ní wákàtí kan. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, párásúùtì ńlá á ṣí, wọ́n á sì rọra máa sọ̀ kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Iṣẹ́ oníbàárà ò ju méjì lọ: kó ti ìbàdí síwájú nígbà tí wọ́n bá ń jáde, kó sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ balẹ̀. Ìkejì yìí lèèyàn fi ń fara pa. Ẹni tó bá gbàgbé, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ìwúwo ẹni méjì á sì gorí ọrùn ẹsẹ̀ náà. Ilé iṣẹ́ tí kò bá ní kí ẹ jókòó, kí ẹ fọwọ́ gbá abẹ́ orúnkún mú, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ gbígbé yìí dánra wò kí ẹ tó wọ bàálù, kò mọ ohun tó ń tà. Tí wọ́n bá bi yín pé báwo lẹ ṣe wúwo tó, ẹ má purọ́. Orí iye yẹn ni wọ́n máa gbé ìbalẹ̀ yín lé.

Fún ìtọ́wò, tandem dùn. Fún ẹ̀kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ́ èèyàn ní nǹkan kan, àfi tí ẹ bá ti sọ ọ́ ṣáájú pé kí wọ́n fún yín ní áltímítà (aago tó ń sọ bí ẹ ṣe ga tó) sọ́wọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín fa ọwọ́ ìfà tó ń ṣí párásúùtì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń ka irú èyí mọ́ ìpele àkọ́kọ́ AFF. Ẹ bi wọ́n.

Static line rọrùn láti ṣàlàyé. Okùn kan tí wọ́n so mọ́ bàálù ló ń ṣí párásúùtì fún akẹ́kọ̀ọ́ bó bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,500. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, aṣọ á ti tẹ́ lókè orí. Ó dín owó kù, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn tètè mọ bí wọ́n ṣe ń darí párásúùtì. Àléébù rẹ̀ ni pé ó pẹ́ kéèyàn tó mọ bí ara ṣe ń ṣe nígbà téèyàn ń já bọ́, kò sì sí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó máa tún yín ṣe. Ẹni tó bá ká ara kò lẹ́nu ọ̀nà, dípò kó ti ìbàdí síwájú, á yí bírí, okùn párásúùtì á sì lọ́ mọ́ra.

AFF ló yẹ ká pẹ́ lé lórí. Ní ìpele àkọ́kọ́, olùkọ́ méjì ló ń bá akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 13,000, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àwọn méjèèjì dì í mú. Párásúùtì tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ló sì máa ṣí i. Yóò wo iwájú, yóò wo áltímítà, yóò wo olùkọ́ òsì, yóò wo ti ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ló máa fọwọ́ kan ọwọ́ ìfà lẹ́ẹ̀mẹta láìfà á. Tó bá di ẹsẹ̀ bàtà 5,500, á ju ọwọ́ méjèèjì lókè orí láti fi kìlọ̀, á sì fà á. Ọ̀rọ̀ ò ṣeé gbọ́ nínú afẹ́fẹ́ yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀: ìka méjì tó na túmọ̀ sí kí ẹ na ẹsẹ̀ yín, ìka kan tó nà síwájú túmọ̀ sí kí ẹ fà á báyìí.

Ohun kan tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í fojú fo ni bí ọwọ́ ṣe ń dé ibi ọwọ́ ìfà. Ìsàlẹ̀ báàgì lẹ́yìn ló wà, lápá ọ̀tún. Tí ọwọ́ ọ̀tún bá dá lọ síbẹ̀, tí ti òsì dúró síbi tó wà, afẹ́fẹ́ á gbé apá òsì sókè, ara á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa yí. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣe ń lọ sẹ́yìn ni kí ọwọ́ òsì máa bọ̀ lókè orí. Tí wọn ò bá mú yín ṣe èyí lórí ilẹ̀ títí tí ara á fi mọ̀ ọ́n, owó yín ti ń lọ nìyẹn.

Ohun kejì ni pàjáwìrì. Ó yẹ kí wọ́n so yín kọ́ sínú háńẹ́ẹ̀sì (ìgbànú tí wọ́n ń dè mọ́ ara) tó so rọ̀ láti òkè àjà, kí wọ́n máa fi àwòrán párásúùtì tí kò ṣí dáadáa hàn yín, kí ẹ sì pinnu lójú ẹsẹ̀. Okùn tó lọ́ mọ́ra ṣeé tú: ẹ fa okùn èjìká méjèèjì yà síra, kí ẹ fẹsẹ̀ ta sódìkejì. Aṣọ kékeré tó há sí àárín okùn máa ń sọ̀ tí ẹ bá fa okùn ìdarí wálẹ̀ léraléra. Àmọ́ tí párásúùtì ò bá tíì ṣeé darí ní ẹsẹ̀ bàtà 2,500, ẹ já a dànù. Ọwọ́ rírọ̀ tó wà láyà ọ̀tún lẹ máa kọ́kọ́ fà, kí ìyẹn tú párásúùtì ńlá sílẹ̀, kí ẹ tó fa ti àyà òsì tó máa ṣí párásúùtì àpamọ́. Tí ẹ bá dà á rú, aṣọ méjèèjì lè lọ́ mọ́ra wọn lókè orí yín.

Ẹ wo irinṣẹ́ wọn náà. Ẹni tó wúwo tó 80 kìlógíráàmù, tí báàgì párásúùtì rẹ̀ jẹ́ 12, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi pọ́ùn 203. Lórí párásúùtì oní-280 (ẹsẹ̀ bàtà 280 níbùú lóòró), ìyẹn ò ju 0.72 pọ́ùn lọ lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan níbùú lóòró, ibi tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wà nìyẹn. Tó bá ti ń sún mọ́ 1, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ AAD tó ń ṣí àpamọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́. CYPRES, irú AAD kan, ti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣiṣẹ́ tí eré ìjábọ́ bá ju mítà 13 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní nǹkan bíi 225 sí 300 mítà sí ilẹ̀. Ti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n dúró de mítà 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí ìyẹn, bí bàálù bá fẹ́ gbé yín padà wálẹ̀, ẹ rán olùkọ́ létí kó pa á, torí bàálù tó bá sáré sọ̀ lè mú kó ṣí àpamọ́ nínú bàálù.

Rédíò etí tí olùkọ́ fi ń darí yín láti ilẹ̀ dára, àmọ́ ó máa ń kú. Ẹ gbọ́dọ̀ lè fúnra yín yí sí ọ̀nà ìbalẹ̀: ẹ tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000, ẹ yà ní 600, ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́ ní 300, lẹ́yìn èyí kò sí yíyí gírígírí mọ́. Ní bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, ẹ fa okùn ìdarí méjèèjì wálẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ wà pa pọ̀. Tí ẹ bá tètè fà á jù, ẹ má tú u sílẹ̀. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, kí ẹ múra àtiyí gbirigbiri. Lábẹ́ òfin USPA, ẹgbẹ́ àwọn abẹ́ párásúùtì ti Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í bẹ́ tí afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ bá ju máìlì 14 ní wákàtí kan, ilé ẹ̀kọ́ tó bá sì sọ pé “kò sóhun tó máa ṣe é” ti ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ihò afẹ́fẹ́ inú ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ látìsàlẹ̀ ti ń gbé èèyàn léfòó, tọ́ sí owó rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ṣáájú ìpele àkọ́kọ́ á gbà yín lọ́wọ́ títún ìpele ṣe, torí ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀ tó àkókò ìjábọ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Kò kọ́ yín ní wíwo áltímítà, kò sì kọ́ yín ní ìbalẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta yìí: èló ni títún ìpele kan ṣe, ta ló ń sanwó ìdìpọ̀ párásúùtì, àti bí owó ìpele tí òjò gbà ṣe ń padà. Ìwé ẹ̀rí A ti USPA béèrè ó kéré tán bíbẹ́ 25, nítorí náà ìpele méje AFF kì í ṣe òpin ìnáwó. Ẹ má sì ra báàgì tiyín kí ẹ tó gba ìwé ẹ̀rí yẹn, torí ìwọ̀n párásúùtì tí ẹ máa lò nígbà náà lè má bá èyí tí ẹ ń lò báyìí dọ́gba.