Àtòjọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún eré ayàwòrán: ohun tí a rí ní oṣù mẹ́ta

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni èmi àti àwọn ará ilé mi ní Àkúrẹ́ ti ń ṣe eré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, eré tí ẹnì kan ti máa ń ya àwòrán, tí àwọn yòókù á sì máa tẹ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni yóò gbé síwájú ẹni tí ó kàn. Onítọ̀hún á mú ọ̀kan, á sì ní ìṣẹ́jú àáyá 80 láti yà á, ẹni tí ó bá tètè mọ̀ ọ́n ni ó sì ń gba máàkì jù. Ọ̀fẹ́ ni. Màmá mi, tí wọ́n ń gbé nítòsí Ọjà Ọba, ń bá wa ṣe é lórí fóònù wọn láti ara líǹkì tí a fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp.

Bí eré náà ṣe ń ṣiṣẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Àtòjọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìṣòro, nítorí Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí wọ́n tò síbẹ̀, bí a bá sì mú Gẹ̀ẹ́sì, ère tí wọ́n fi yìnyín mọ ni ó máa ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò rí yìnyín rí àfi èyí tí ó bá òjò rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí yàrá tirẹ̀ lè kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú àpótí kan, kí ó fi kọ́mà pín wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo mú àtòjọ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀. Mo kọ "ẹ̀rọ amómitutù". Àbúrò mi ya fíríìjì tí ó dára gan-an, gbogbo wa sì ń tẹ "fíríìjì" títí àkókò fi tán. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí màmá yóò fi pe nǹkan bí wọ́n bá ní kí a gbé e wá ni mo ń kọ.

Àmì ohùn ni ó gba àsìkò wa jù. Lẹ́tà ni eré náà ń fi wé lẹ́tà, nítorí náà "igba", "igbá" àti "ìgbà" yàtọ̀ síra lójú rẹ̀, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò retí ni "ọkọ̀". Lẹ́tà mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin, ọ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ni eré náà fà fún wa, nítorí ó ka àmì tí ó wà lórí lẹ́tà ìkẹyìn sí lẹ́tà mìíràn, àwọn ọmọ sì ń wá ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́rin kiri.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí a yọ gbogbo àmì kúrò, àti ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. N kò gbà fún wọn. Bí a bá kọ "oko" lásán, ẹni tí ó kàn lè ya oko, ọkọ̀, ọkọ́ tàbí ọkọ ìyàwó, eré náà á sì gba gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a fẹ́ kọ́ ní Yorùbá á máa rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. A wá lọ ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ohùn àárín nìkan jọ, nítorí a kì í fi àmì sórí ohùn àárín: ẹja, ẹyẹ, ẹṣin, iṣu, aṣọ, ata, irun, ọlọ, omi. Ẹ wo bí wọ́n ti pọ̀ tó, tí wọ́n sì rọrùn láti yà! Ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9 ni ó bèèrè ìdí tí ata kò fi ní àmì kankan, bí ẹ̀kọ́ dò, re, mí ṣe wọ ilé wa nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣàkíyèsí pé á, é, í, ó àti ú kò dá wàhálà sílẹ̀. Orí ẹ àti ọ nìkan ni àmì ohùn ti ń di lẹ́tà ọ̀tọ̀. Àtòjọ kejì jáde láti inú èyí: ilé, ajá, odó, bàtà, kòkó, agbádá, dùndún. A ní láti fi gángan sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè yà á kí ó má jọ dùndún. Àwọ̀ ni ó ya iyán àti àmàlà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀, fi púpurú, òkèlè tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe, kún un, òkìtì funfun di méjì, àríyànjiyàn sì pọ̀. Púpurú ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn gbọ́dọ̀ ya gbágùúdá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní sùúrù láti to ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni mo lè gbà nímọ̀ràn pé kí ó lo eré yìí. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí àwọn tí ó ṣe é tún ṣe, ìyẹn ni pé kí ọ̀rọ̀ kan lè gba ìdáhùn méjì. Ní Sátidé tí ó kọjá, mo ya ilé, màmá sì tẹ "ulé", bí a ti ń pè é ní Àkúrẹ́. Eré náà sọ fún wọn pé ó kù díẹ̀. Wọ́n tún tẹ "ulé". Mo ti ń kọ àtòjọ ti Àkúrẹ́ báyìí; màmá ń pe ọ̀rọ̀ lórí fóònù, èmi sì ń kọ ọ́.