Ẹ béèrè ètò lọ́wọ́ AI, ẹ má béèrè ọbẹ̀

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ẹ̀rọ AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè tí ẹ bá kọ sí i, sì ní ẹnu. Ẹ bi ChatGPT, Gemini tàbí Meta AI inú WhatsApp léèrè oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ márùn-ún fún ìdílé kan ní Àkúrẹ́, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ìdáhùn ti dé: ọjọ́ Ajé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ẹ̀wà àti dòdò, Ọjọ́rú ẹ̀bà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò, ìṣẹ́jú 30 sì ni ó kọ sí iwájú gbogbo wọn. Lójú fóònù, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 30 yẹn ni irọ́ àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, a ò ní kí ẹ pa á tì. Iṣẹ́ kan wà tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ìyẹn ni títo nǹkan: kí ló yẹ kó kọ́kọ́ gun iná, kí ni ọwọ́ lè máa gé nígbà tí ìkòkò bá ń hó, kí lẹ máa rà ní Sátidé tí kò ní rọ kó tó di Ọjọ́rú. Ìyẹn ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń se ọbẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀yin tàbí ìyá yín mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Kí ló dé tí àkókò rẹ̀ kì í bá ti ìdáná wa mu? Ẹ̀rọ yìí kò dáná rí. Ohun tí àwọn èèyàn ti kọ ló ń tún sọ, púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé níbi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀wà tó ti jinná sínú agolo. Ìdí nìyẹn tó fi lè kọ ìṣẹ́jú 15 sí iwájú ẹ̀wà. Ẹ̀wà olóyin tí a kò rẹ máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 45 sí 60 lórí gáàsì, èyí tó ti pẹ́ nínú àpò a sì tún lé. Nínú prẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù, ó lè jinná láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 25 lẹ́yìn tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní prẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù, ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, àfi kí ẹ ti sè é sílẹ̀. Adìẹ náà ńkọ́? Bróílà ni ẹ̀rọ mọ̀, ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ẹni tó bá ra agbébọ̀ lọ́jà tó tẹ̀ lé ìṣẹ́jú 30 yẹn máa jẹ rọ́bà, torí agbébọ̀ ń fẹ́ ju wákàtí kan lọ.

Ìwọ̀nyí ṣì kéré sí iṣẹ́ tí kì í kà rárá. Àwọn tó ń kọ bí a ṣe ń se oúnjẹ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà ìṣẹ́jú wọn nígbà tí gbogbo nǹkan ti di gígé sínú abọ́. Ta ló já ẹ̀fọ́ náà? Ṣíṣa tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tó máa tó ẹni márùn-ún, kí a já a, kí a fọ̀ ọ́ títí iyanrìn á fi tán nínú omi, kí a gé e, kò ní dín ní ìṣẹ́jú 15 fún ọwọ́ tó yá. Ẹja títù tó ṣì le bí òkúta ní aago mẹ́fà àbọ̀ kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ó sì máa ń kọ “lọ ata” ní ìlà kan ṣoṣo, bí ẹni pé iná kì í lọ.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n tún wà níbẹ̀. Kọ́ọ̀pù tí ẹ̀rọ ń pè ni ti Amẹ́ríkà, nǹkan bí mílílítà 240. Agolo mílíìkì tí a ń lò nílé jẹ́ nǹkan bí 170. Bí ó bá ní kọ́ọ̀pù ìrẹsì 3, agolo 4 lé díẹ̀ ló ń sọ. Ẹni tó wọn agolo 3 tó sì wá da omi kọ́ọ̀pù ti Amẹ́ríkà sí i, ògì ìrẹsì ló máa bù sábọ́. Fún jọ̀lọ́ọ̀fù gan-an, ó sábà máa ń ní kí omi jẹ́ ìlọ́po méjì ìrẹsì, kò sì ní yọ omi tó wà nínú ata àti omi ẹran kúrò. Fún ìrẹsì oníhóró gígùn tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó kó o wá sọ́jà, ẹ jẹ́ kí gbogbo ohun olómi pa pọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan àbọ̀ fún ìwọ̀n ìrẹsì kan, kí ẹ dé e pa, kí iná sì kéré. Bó bá ṣì le, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Bí àlejò bá sì dé tí ẹ ní kí ó sọ oúnjẹ ẹni márùn-ún di ti ẹni mẹ́wàá, gbogbo nǹkan ló máa sọ di méjì: iyọ̀, ata rodo, omi. Omi kì í rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń bá ooru lọ wà lọ́wọ́ bí ẹnu ìkòkò ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe pẹ́ tó lórí iná, kì í di ìlọ́po méjì nítorí pé ìrẹsì di ìlọ́po méjì. Ẹ dín in kù díẹ̀. Rodo náà, ẹ fi ìdajì lé e, kí ẹ tọ́ ọ wò.

Ohun tí ẹ bá kọ sí i ló máa pinnu ohun tí ẹ máa rí gbà. Ẹ má kọ “ṣètò oúnjẹ alẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún mi”. Ẹ kọ ìdáná yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù, kí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbéèrè. Ó lè rí báyìí:

“Ẹni 5 ni wá: àgbà 2, ọmọ 3, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún 3. Gáàsì olójú 2 la ní, kò sí ófùn. Má fi bùlẹ́ńdà sínú iṣẹ́ alẹ́, iná lè máà sí. Aago 6:30 la ń délé, a fẹ́ jẹun kó tó di 7:30. Sátidé la ń ra ọjà, ní Ọjà Ọba. Agolo mílíìkì (170 ml) ni òṣùwọ̀n wa. Ohun tó wà nílé: ìrẹsì, gàrí, iṣu 2, ẹ̀wà kóńgò 1, epo pupa, òróró, ẹja gbígbẹ, irú. Má lo ẹ̀wà inú agolo. Ohun tó máa tètè bàjẹ́ ni kí a kọ́kọ́ sè. Kọ ìṣẹ́jú bíbó, gígé àti fífọ̀ sọ́tọ̀ sí ìṣẹ́jú orí iná.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló wúlò jù. Bó bá ti di dandan kí ó kọ ìṣẹ́jú fífọ ẹ̀fọ́ sílẹ̀, ẹ̀fọ́ ìṣẹ́jú 30 máa di 50, ẹ ó sì mọ̀ ṣáájú. Olójú méjì náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ó máa gbé ìkòkò mẹ́ta kaná lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè ní kí ẹ yan ẹja nínú ófùn.

Lẹ́yìn tí ó bá ti dáhùn, ẹ bi í ní ẹ̀ẹ̀kejì: “Èwo nínú ọjọ́ márùn-ún yìí ló máa kọjá wákàtí kan, kí ló sì fà á?” Ó sábà máa ń rí àṣìṣe ara rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀wà ló sì máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ má tíì béèrè ohun tí ẹ máa rà. Bí ẹ bá gba ìwé ọjà kí ètò tó dúró, tí ẹ wá yí Ọjọ́bọ̀ padà, ètò á yí, ìwé ọjà á dúró síbi tó wà, ẹ ó sì gbé ìwọ̀n tòmátì tó ti kọjá lọ sọ́jà. Ìwé ọjà ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Kódà nígbà náà, ẹ fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò: irú, iyọ̀ àti epo máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Iye owó tó bá kọ síbẹ̀, ẹ nù ún kúrò. Kò bá ẹnikẹ́ni ná ọjà ní Ìsinkàn ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ òní. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ iye tí ẹ rà á fún un, kí ó wá bá yín ṣírò.

Ibi tí ó ti ń fi ọgbọ́n hàn jù ni pé ó máa rí i pé ata kan lè bọ́ alẹ́ mẹ́rin. Fún ẹni márùn-ún, tòmátì tó bíi kìlò 2, tàtàṣé ńlá 8, àlùbọ́sà 4 àti rodo 8 sí 10 tó. Ẹ lọ̀ ọ́ ní Sátidé, ní ẹ̀rọ ọjà tàbí nílé. Ẹ sè é láìdé e fún ìṣẹ́jú 30 sí 40 títí omi á fi gbẹ, kí ẹ tó da òróró agolo 2 sí i, kí ẹ dín in fún bí ìṣẹ́jú 20 títí òróró á fi léfòó. Bí omi rẹ̀ kò bá gbẹ kí òróró tó wọlé, yóò kan, yóò sì tètè bàjẹ́. Ẹ pín in sí náílọ́ọ̀nù 4, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó lè tètè dì kó sì tètè yọ́. Ọ̀kan di jọ̀lọ́ọ̀fù, ọ̀kan di àsáró, ọ̀kan lọ sínú ẹ̀wà, ọ̀kan di ọbẹ̀ ata ẹja títù.

Ẹ̀rọ yóò sọ pé oúnjẹ tó ti jinná lè wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ 3 sí 4. Òótọ́ ni, fún fíríìjì tí iná rẹ̀ kì í lọ. Fíríìjì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí máa ń mú òtútù dúró fún nǹkan bí wákàtí 4 péré lẹ́yìn tí iná bá lọ. Fírísà tó kún dẹ́nu lè tó wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Nítorí náà, fírísà ni ilé ata, kí ẹ sì fi náílọ́ọ̀nù omi dí àyè tó ṣófo nínú rẹ̀. Ìrẹsì ló léwu jù. Ẹ má jẹ́ kó wà níta ju wákàtí 2 lọ, wákàtí 1 péré bí ooru bá mú gan-an, torí kòkòrò kan wà tó ń hù nínú ìrẹsì tó ti jinná tí oró rẹ̀ kì í kú bí a bá tún un gbé kaná. Ọbẹ̀ ni à ń gbé kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, ìrẹsì kò sí nínú àṣà yẹn. Ẹ kọ “iná lè lọ fún wákàtí 12” sínú àlàyé ìdáná yín, ẹ̀rọ náà yóò sì yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà.

Ètò tó dáa fún ẹ̀bà àti ilá alásèpọ̀ lórí olójú méjì máa ń jáde báyìí. Ní 6:30, omi ọbẹ̀ àti pọ̀nmọ́ tó ti jinná gun ojú kìíní, ẹja gbígbẹ wọ inú omi gbígbóná kí ó rọ̀. Títí di 6:45, ilá ni ọwọ́ ń gé. Ní 6:45, ata gígún, irú, edé, ẹja àti epo pupa wọ ìkòkò. Ní 6:55, omi ẹ̀bà gun ojú kejì. Ní 7:00, ilá wọlé, ìṣẹ́jú 5 sí 7, kí ẹ má dé e: bí ẹ bá dé e, á ru dànù, àwọ̀ ewé rẹ̀ á sì ṣá. Ẹ te ẹ̀bà ní 7:05. Kò sí ohun tuntun nínú ọbẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ìṣẹ́jú tí ọwọ́ ṣófo, ẹni tó bá wà nílé lè di ètò náà mú kó sì ṣe é láìpe ẹnikẹ́ni.

Ní ti adùn, ẹ ṣọ́ra. Kòrí àti táìmù ló ń bù sí gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ ti Nàìjíríà, títí kan ẹ̀fọ́ rírò, màgí mẹ́ta sì máa ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú iyọ̀. Oúnjẹ tó gbajúmọ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù tàbí ẹ̀gúsí, ó mọ̀ ọ́n dé ìwọ̀n. Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀ lọ sí púpurú tàbí ọbẹ̀ marúgbó, ó lè fi ìgboyà kan náà hun irọ́ fún yín. Àsun Oǹdó, ẹran ewúrẹ́ tí a ń fi iná sun, kò ní ṣàì gbé e wọ ófùn.

Ó gbọ́ Yorùbá, ẹ lè bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ewé máa ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ìdáhùn. Bí ètò bá ti gùn, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́ ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Meta AI ló rọrùn jù fún ẹni tí kò fẹ́ gbé áàpù mìíràn sórí fóònù. ChatGPT ní ibi ìtọ́jú àlàyé tí ẹ lè kọ ìdáná yín sí lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì ní máa béèrè mọ́. ChatGPT àti Gemini tún máa ń wo fọ́tò: ẹ ya inú fírísà, kí ẹ ní kó lo ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, kò lè ríran wọ inú rẹ̀. Kò sí ìdí láti kọ orúkọ àwọn ọmọ tàbí ilé ìwé wọn síbẹ̀, ọjọ́ orí tó.

ChatGPT Plus, ìyẹn ti olówó, jẹ́ dọ́là 20 lóṣù. Fún oúnjẹ alẹ́ nìkan, ẹ fi owó yẹn ra ẹja. Ti ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀n ìbéèrè tí ó ń gbà kó tó ní kí ẹ dúró. Bó bá ti dé ibẹ̀, ẹ lẹ àlàyé ìdáná yín mọ́ ẹ̀rọ kejì, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.