Àwòṣe èèpo ìwé ti KDP: ó mọ ìwọ̀n, kò mọ ẹwà

Ẹ̀rọ ìṣirò èèpo ìwé wà lórí ìkànnì KDP, ẹ̀ka ìtẹ̀wé Amazon, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ó sọ irú ìdìpọ̀, irú bébà, ìwọ̀n ìwé àti iye ojú-ewé fún un. Òun á ṣírò, á sì fún yín ní àwòṣe PDF àti PNG tí wọ́n ti fàlà sí, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ (ibi tí wọ́n ti di ìwé pọ̀) àti iwájú ìwé wà. Ìṣirò rẹ̀ péye. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń tètè sáré lọ bá a jù.

Ẹ mú ìwé ìtàn àròsọ tó jẹ́ ínǹṣì 5.5 sí 8.5, ojú-ewé 280, bébà kírímù. Ojú-ewé kan nípọn tó 0.0025 ínǹṣì, ẹ̀gbẹ́ ìwé di 0.70. Ẹ fi iwájú àti ẹ̀yìn kún un, àti 0.125 tí wọ́n máa gé dànù létí: gbogbo èèpo jẹ́ 11.95 sí 8.75. Bí olóòtú bá wá fi orí kan kún ìtàn, tí ojú-ewé di 312, ẹ̀gbẹ́ ti di 0.78 nìyẹn. Èèpo àtijọ́ kò bá a mu mọ́. Ẹni tó bá sì fà á gbòòrò tipátipá, lẹ́tà á fẹ̀, ojú èèyàn inú àwòrán á rí pẹlẹbẹ. Bébà funfun náà tún yàtọ̀: 0.002252 ni, ojú-ewé 280 yẹn kò ní ju 0.63 lọ.

Nítorí náà, ẹ gbàgbé àwòṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńsù ni ẹ ó fi ya ẹ̀dà kìíní èèpo náà: àpótí kéékèèké mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lórí bébà kan, kí ẹ kàn fi ibi tí àkọlé àti àwòrán máa jókòó sí hàn. Ẹ̀dà kejì á bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, iwájú nìkan, píksẹ́lì 1600 sí 2560. Ìwọ̀n tí KDP fẹ́ fún ìwé orí ẹ̀rọ gan-an nìyẹn, iṣẹ́ yín kò ṣòfò. Ẹ sún un kì títí yóò fi di 100 píksẹ́lì ní fífẹ̀. Lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ á pòórá. Àwòrán tí nǹkan mẹ́ta ń jà nínú rẹ̀ á dà bí àbàwọ́n. Ibí yìí ló yẹ kí ẹ ti yọ méjì kúrò.

Lẹ́tà ló ń fa wàhálà jù nínú ẹ̀dà kẹta, pàápàá àkọlé Yorùbá. Ọ̀ àti Ẹ́ kò ní kóòdù ẹyọ kan, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Fọ́ńtì ló máa gbé àmì ohùn lé wọn lórí. Fọ́ńtì aláràbarà tí kò mọ iṣẹ́ yìí á jẹ́ kí àmì náà ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Noto Serif, Gentium àti Charis SIL mọ̀ ọ́n ṣe. Bí àkọlé bá jẹ́ ìlà méjì, ẹ fi àyè sí àárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà òkè á fẹnu ko àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀.

Ìgbà tí ojú-ewé kò bá ní yí padà mọ́ ni kí ẹ tó gba àwòṣe. Ẹ gbé e sí òkè gbogbo ìpele àwòrán inú kọ̀ǹpútà kó hàn fírífírí, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó ṣe PDF. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ìwé gbọ́dọ̀ fi 0.0625 jìnnà sí ibi tí bébà ti ṣẹ́. Ìwé tí kò tó ojú-ewé 79 kò ní ọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rárá. Ẹ fi ínǹṣì 2 sí 1.2 sílẹ̀ fún bákóòdù lẹ́yìn, torí ohun tó bá wà níbẹ̀ á bò mọ́lẹ̀. Ó sì dára kí àwọ̀ iwájú ṣẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ ìwé: bí bébà bá yẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àléébù àwòṣe tó tóbi jù ni ti àwọ̀. Àwòṣe kò lè sọ fún yín pé búlúù tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà lè ṣókùnkùn lórí bébà. Ẹ béèrè ẹ̀dà àyẹ̀wò tí KDP máa tẹ̀ fún yín, kí ẹ wò ó lójú ọ̀sán. Wọn á tẹ ọ̀já kan sójú èèpo rẹ̀ pé kì í ṣe títà. Òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀já yẹn ni kí ẹ ti yẹ àwọ̀ wò.