Ruby tàbí Sapphire: èwo ni kí ẹ rà?

Eré orí ẹ̀rọ tó jẹ́ ìbejì ni Pokémon Ruby àti Sapphire, tó jáde fún Game Boy Advance, ẹ̀rọ eré àfọwọ́gbé, ní Japan lọ́dún 2002. Ilẹ̀ Hoenn kan náà lẹ óò rìn já nínú méjèèjì. Àwọn ẹ̀dá tí ẹ lè mú níbẹ̀ ló yàtọ̀, àti àwọn ọ̀tá.

Nínú Ruby, Team Magma ló ń da ìlú rú, wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀ fẹ̀ sí i; Groudon, ẹ̀dá tó ń mú oòrùn ràn, ni tiwọn. Team Aqua ti Sapphire ní òkun ló yẹ kó fẹ̀, Kyogre sì ń pe òjò. Kí n má purọ́, Kyogre ló lágbára jù lójú mi. Òjò rẹ̀ ń fi kún agbára Surf, ìjà omi rẹ̀, àmọ́ oòrùn Groudon kò fi nǹkan kan kún ìjà ilẹ̀ tirẹ̀. Ó kàn ń dín agbára omi tí wọ́n bá dà lù ú kù ni.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, ara tu ẹni tó ra Sapphire. Ẹ̀dá tó ń jẹ́ Lotad wà níbẹ̀, Absorb rẹ̀, ìjà tó ń fa agbára ọ̀tá mu, sì tó láti fa àwọn ẹ̀dá òkúta Roxanne, olórí àkọ́kọ́ tí ẹ óò bá jà, gbẹ. Seedot ti Ruby ńkọ́? Bide (kó gba ìyà ná kó tó gbẹ̀san) àti Harden (kó mú ara le) ló mọ̀ ní kékeré. Ẹ óò ṣe sùúrù fún un gan-an ni! Zangoose nìkan ló ń jẹ́ kí n jowú àwọn oní-Ruby.

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo wọn jọ yóò wá ọ̀rẹ́ tó ní ìkejì, pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, bí àbúrò yín bá ti ní Sapphire, Ruby ni kí ẹ rà.